Brian, Roger, John àbí Freddie: ta ni kẹ́ ẹ fi ṣe ààyò nínú báǹdì Queen?

Bí ẹ bá ti gbọ́ orin Queen tó mẹ́ta mẹ́rin báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi bi yín pé "ta ni ààyò ẹ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?", ìbéèrè yẹn á sì dà bí eré lásán títí dìgbà tẹ́ ẹ bá dáhùn ẹ̀ níbi táwọn tó ti ń gbọ́ wọn tipẹ́ bá pọ̀ sí, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ pé kì í ṣe eré rárá, wọ́n lè fi odindi òru kan jà sí i. Èmi náà ti jà á. Mo ti yan Freddie rí, mo ti yan Brian, mo wà lẹ́yìn Roger fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kan, ibi tí mo wá jókòó sí báyìí màá sọ ọ́ tó bá yá, ẹ má ṣáà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú ni pé ẹni tó bá sọ pé Freddie ni, tó sì jẹ́ pé orúkọ Freddie nìkan ló mọ̀, onítọ̀hún ò tíì yan ẹnì kankan. Kì í ṣe pé Freddie ò tó bẹ́ẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kéèyàn tó lè sọ pé òun yàn, ó yẹ kó ti wo àwọn tó kù dáadáa. Báǹdì tó pọ̀ wà tó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń kọ orin, àwọn tó kù kàn ń tẹ̀ lé e ni. Queen ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń kọ orin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ò ní orin tí gbogbo ayé mọ̀, débi pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n jọ gbà wọlé sí Songwriters Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn tó ń kọ orin lọ́lá ní Amẹ́ríkà, ní 2003. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ohun tá a máa fi díwọ̀n wọn lélẹ̀, torí tá ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ irun orí la máa fi yàn wọ́n (tó bá sì jẹ́ irun ni, Brian ti gbà á lọ, kí kálukú máa lọ sílé). Àkọ́kọ́, kí ló ń ṣe nínú orin tí àwọn mẹ́ta tó kù ò lè bá a ṣe? Orin wo ló kọ? Tó bá dórí ìtàgé ńkọ́? Lẹ́yìn ìyẹn ìnáwó, mi ò sọ pé owó nìkan o, àsìkò wà níbẹ̀, omijé náà wà níbẹ̀. Ó tún ku pé ṣé ẹ lè gbára lé e, ṣé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ àbí àwo àtijọ́ lẹ máa máa gbọ́ títí ayé. Ìkẹyìn, irú èèyàn wo lẹ̀yin fúnra yín jẹ́. Mi ò ní máa kà wọ́n ní kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà, wọ́n á kàn máa yọjú bá a ṣe ń lọ.

Fún ẹni tí ò mọ̀ wọ́n rárá: ní London ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní 1970. Brian May ń ta gìtá, Roger Taylor ń lùlù, àwọn méjèèjì ti jọ wà nínú báǹdì kan tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Smile. Freddie Mercury wá dara pọ̀ mọ́ wọn, ó ń kọrin ó sì ń tẹ dùùrù, John Deacon tó ń ta béèsì (gìtá olóhùn ìsàlẹ̀) ló dé kẹ́yìn, ní 1971. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Freddie sẹ́yìn nínú èyí tí mo ń kọ yìí. Ẹ ní sùúrù.

Brian May

Ẹ fojú inú wò ó ná. 1963 ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Brian, ó fẹ́ gìtá oníná, owó tó máa fi rà á ò sí. Ni òun àti bàbá ẹ̀, Harold, bá ní àwọn á ṣe é fúnra àwọn. Igi ibi ìyáná kan tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n gbẹ́ fi ṣe ọrùn ẹ̀, bọ́tìnnì inú àpótí ìránṣọ ìyá ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àwọn àmì funfun tó wà lára ọrùn yẹn, sípírínnì inú ẹ́ńjìnnì alùpùpù àtijọ́ ni wọ́n fi sí ìdí okùn ẹ̀ kó lè máa mú ohùn mì. Ó tó bí ọdún méjì kí wọ́n tó ṣe é tán. Gìtá yẹn, Red Special ni wọ́n ń pè é, òun náà ló gbé lọ ta sínú àwo Queen àkọ́kọ́, òun náà ló gbé gun òrùlé ààfin Buckingham ní 2002 nígbà tí wọ́n ń ṣe àádọ́ta ọdún ọbabìnrin lórí ìtẹ́, òun náà ló ṣì ń ta. Kò tiẹ̀ ń lo ike pẹlẹbẹ táwọn onígìtá fi ń ta á, owó ẹyọ sixpence àtijọ́ ló fi ń ta tiẹ̀.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí? Torí pé tẹ́ ẹ bá kó gìtá ọgọ́rùn-ún jọ sójú kan, ẹ máa dá ti Brian mọ̀. Kò sí ẹlòmíì tó ní in. Ohun tó tún wá ń ṣe ni pé ó máa ta ohùn kan, wọ́n á gbà á sílẹ̀, á tún ta òmíì lé e lórí, á tún ta òmíì, títí ẹnì kan ṣoṣo á fi dún bí ẹgbẹ́ akọrin tó kún ilé. Àwọn tó fẹ́ràn pé kí wọ́n máa tú nǹkan wò, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe tò ó, Brian ló ni wọ́n.

Ní ti orin kíkọ, ẹni tó kọ We Will Rock You kò nílò alágbàwí. Ẹ tún un gbọ́, kò sí ìlù kankan níbẹ̀, ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ ni, gìtá ò sì wọlé títí orin fi fẹ́ parí. Onígìtá tó kọ orin tí gìtá ò ti fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ rò ó wò. Torí kí àwọn èrò ìwòran lè ní ipa tiwọn ló ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. The Show Must Go On náà, òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, nígbà tí ara Freddie ò ti yá mọ́.

Ṣé ẹ lè gbára lé e? Ẹ gbọ́ èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ ní Imperial College ní 1970, Queen wá gbé e lọ, ó fi ìwé sílẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀ lẹ́yìn ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún ó sì parí ẹ̀ ní 2007, eruku tó wà láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ló fi ṣèwádìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í já nǹkan sílẹ̀. Ní 2023 wọ́n fi joyè Sir. Ní 2024 ó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ kan ṣe òun díẹ̀, apá òsì òun ò gbọ́rọ̀ sí òun lẹ́nu fúngbà díẹ̀, síbẹ̀ ó ní òun ṣì lè ta gìtá.

Ibi tí ìnáwó wà nìyí: ẹni tó bá yan Brian kò yan gìtá nìkan. Ó yan ìràwọ̀, ó yan fọ́tò olójú méjì ayé àtijọ́ tó máa ń yọ jáde bí ẹni pé ẹ lè fọwọ́ kàn án, ó yan ìjà lórí àwọn ẹranko igbó tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ kí wọ́n pa, gbogbo ẹ̀ pátá ni ẹ máa máa kà. Àsìkò ni, kì í ṣe owó. Tó bá sì dá nìkan wà lórí ìtàgé pẹ̀lú gìtá ẹ̀, ká má parọ́, ẹ lè jáde lọ tọ̀ kẹ́ ẹ padà wá bá a lẹ́nu ẹ̀.

Roger Taylor

Àwọn èèyàn máa ń fojú kéré onílù. Wọ́n á ní ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni, ariwo ló ń pa. Mo gbà pé Roger ń pariwo o, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú ariwo yẹn.

Ẹ̀kọ́ dókítà eyín ló bá wá sí London, kò pẹ́ tí ilù gbà á lọ́wọ́ eyín. Òun àti Freddie jọ ń ta aṣọ ní Kensington Market nígbà tí nǹkan ò tíì rọgbọ. Ohun tí ẹlòmíì ò sì lè bá a ṣe nínú báǹdì yẹn kì í tiẹ̀ ṣe ilù, ohùn ẹ̀ ni. Nínú Bohemian Rhapsody, níbi tí wọ́n ti ń pe Galileo, ohùn tó lọ sókè téńté tẹ́ ẹ rò pé obìnrin ni, Roger ni. Wọ́n kì í wá a lọ síbòmíì, ẹni tó ń lùlù náà ló ń bọ́ sídìí máíkù. Ohùn ẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ sì le, ó ń ha bí ẹni tó ti pariwo níbi bọ́ọ̀lù lánàá.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbí tó dùn mọ́ mi. Nígbà yẹn àwo kékeré olójú méjì ni wọ́n ń tà, orin tó wà lẹ́yìn sì ń mú owó wá fún ẹni tó kọ ọ́ bíi ti orin tó wà níwájú gan-an, bó ti wù kí ti iwájú lókìkí tó. Bohemian Rhapsody tí Freddie kọ ló wà níwájú ní 1975, ó ṣe nọ́ńbà kìíní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló wà lẹ́yìn? Orin Roger, níbi tó ti ń sọ bí òun ṣe fẹ́ràn mọ́tò òun tó. Ẹ ẹ̀ rí i pé ó mọ ibi tó yẹ kó jókòó sí! Irú nǹkan báyìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn fún ọdún púpọ̀, ìgbà tó di àwo The Miracle ní 1989 wọ́n kúkú fi orúkọ Queen sídìí gbogbo orin kí ẹnu lè dákẹ́. (Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orin kíkọ ṣe ìdájọ́, àwọn àwo tó jáde kí 1989 tó dé ni kẹ́ ẹ wò, wọ́n kọ orúkọ kálukú síbẹ̀.)

Àwọn kan á ní Roger kò kọ orin tó pọ̀ bíi ti Freddie àti Brian. Òótọ́ ni, ó pẹ́ kó tó gbóná. Àmọ́ nígbà tó gbóná ńkọ́? Radio Ga Ga, 1984, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ẹ̀ kékeré ló gbé e sọ́kàn ẹ̀. A Kind of Magic, 1986. These Are the Days of Our Lives, tó jẹ́ pé fídíò ẹ̀ ni Freddie ṣe kẹ́yìn kó tó kú. Tẹ́ ẹ bá sì rántí Live Aid, ìyẹn àríyá orin ńlá tí wọ́n fi kó owó jọ fún àwọn tí ìyàn mú ní Ethiopia, 13 July 1985, bí gbogbo pápá Wembley ní London ṣe gbé ọwọ́ sókè tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ méjì méjì lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ ọ sílé, gbogbo èèyàn ń wo Freddie, orin Roger, Radio Ga Ga, ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí.

Ní ti ká gbára lé èèyàn, òun ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi. 1949 ni wọ́n bí i, títí di òní olónìí ó ṣì ń lùlù, kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀ rí. Ó ti ń ṣe àwo tiẹ̀ lọ́tọ̀ láti 1981, ó ṣe òmíì ní 2021, kò sì ṣòro láti rí wọn gbọ́. Ká ní ọjà ni ààyò, Roger lẹ máa rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí owó yín tó nǹkan. Mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mi ò ní irọ́ tí mo fẹ́ pa, àwo tiẹ̀ lọ́tọ̀ ló sú mi díẹ̀, orin tó dáa wà níbẹ̀ àmọ́ ẹ máa gbọ́ tó mẹ́rin kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

John Deacon

Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. John Deacon dákẹ́, tiẹ̀ ò sì bá a dákẹ́ rárá.

Ọmọ Leicester ni, ọdún mọ́kàndínlógún ló wà nígbà tó wọ Queen, òun ló kéré jù nínú wọn. Inú àwo àkọ́kọ́ wọn ní 1973, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sódì, wọ́n pè é ní "Deacon John", torí wọ́n rò pé á dún dáadáa bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníìkì ló kà, ó jáde pẹ̀lú ipò kìíní. Lọ́jọ́ kan ó rí pátákó ẹ̀rọ rédíò kan nínú àpótí pàǹtí, ó gbé e lọ sílé, ó tò ó mọ́ inú àpótí gbohùngbohùn kékeré kan, ó so bátìrì mọ́ ọn, kò tiẹ̀ fi ohun tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò sí i. Brian ki gìtá ẹ̀ bọ̀ ọ́, ohùn tó jáde yàtọ̀, láti ìgbà náà ló ti ń lò ó nínú àwo. Ṣé ẹ rántí gìtá tó ń dún bí ẹgbẹ́ akọrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí mo ní kò sí ẹlòmíì tó ní in? Apá kan níbẹ̀, pàǹtí tí John he ni.

Kì í kọrin lójú àwo, ó ní òun ò ní ohùn. Nínú Bohemian Rhapsody, àwọn mẹ́ta tó kù ló pọ̀ di ogunlọ́gọ̀ ohùn yẹn, kò sí tiẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tó kọ. You're My Best Friend, 1975, ìyàwó ẹ̀ ló kọ ọ́ fún. Freddie ò fẹ́ fọwọ́ kan dùùrù oníná tí John fẹ́ lò fún un, ó ní ohùn ẹ̀ burú, ni John bá gbé dùùrù náà lọ sílé ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, òun náà ló sì tẹ̀ ẹ́ nínú àwo. Kò bá ẹnì kankan jà. Another One Bites the Dust, 1980, nọ́ńbà kìíní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jó o ò mọ̀ pé báǹdì rọ́ọ̀kì ló ni ín, àwọn tó mọ̀ rò pé Freddie ló kọ ọ́. I Want to Break Free, 1984, tí àwọn èèyàn South Africa sọ di orin òmìnira, òun náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe di ààyò mi. Ẹni tó ń gbé ní yàrá kejì sí tèmi máa ń gbọ́ orin lálẹ́, ògiri wa ò sì nípọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohùn òkè kì í gba ara ògiri kọjá dáadáa, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo sùn sílẹ̀, mo ń gbọ́ dùm dùm dùm, kò sí ohùn Freddie, kò sí gìtá, ilù ò tiẹ̀ hàn, kí n tó mọ̀ mo ti ń kọ orin náà lọ látòkè délẹ̀. Under Pressure ni. Béèsì nìkan ni mo gbọ́, odindi orin ló wọlé. Mo dìde jókòó. Mo ní háà, ọdún mélòó ni mo ti ń gbọ́ àwọn èèyàn yìí tí mi ò mọ̀ pé èyí tí mo ń tẹ̀ lé látọjọ́ yìí ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀? (Roger àti Brian ti sọ ọ́ rí pé John ta béèsì yẹn tán, wọ́n jáde lọ jẹun, wọ́n padà dé, ó ti gbàgbé ẹ̀, Roger ló rántí ẹ̀ fún un. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Roger.)

Ní ti ìnáwó, òun ló rọjú jù. Kò ní àwo tiẹ̀ lọ́tọ̀, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa rà. Àmọ́ wíwá ẹ̀ ni iṣẹ́, torí nínú fídíò wọn, tí kámẹ́rà bá dọ́dọ̀ ẹ̀, á fi ìṣẹ́jú àáyá méjì wò ó, á sáré padà sọ́dọ̀ Freddie. Ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo etí fídíò.

Ká gbára lé e ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni mo fi ń wò ó. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń retí nǹkan tuntun, ẹ má tiẹ̀ gbé ìdí ìkòkò kaná. Lẹ́yìn ikú Freddie ó ní òun ò rí bí wọ́n ṣe máa ṣe é láìsí i, 1997 ló fi orin sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gbà wọ́n wọlé sí Rock and Roll Hall of Fame ní 2001 kò tiẹ̀ yọjú. Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ nìkan ni Brian sọ pé wọ́n ṣì máa ń fi tó o létí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ẹni tí kò ní bà yín nínú jẹ́, tí kò ní jáde lọ́jọ́ alẹ́ wá sọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa fi dojú bolẹ̀, kò sí ẹni tó tó o. Ó sọ pé ó parí, ó sì parí. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá yàn án, ẹ má lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀, ẹ má wá fọ́tò ẹ̀ kiri, ọkùnrin náà ti sọ ohun tó fẹ́.

Freddie Mercury

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń binú.

Zanzibar ni wọ́n bí i sí ní 1946, Farrokh Bulsara lorúkọ ẹ̀, ọmọ ìran Parsi, àwọn ará Íńdíà tí baba ńlá wọn wá láti Persia. Ilé ìwé tó wà ní Íńdíà ló ti kọ́ dùùrù. Ìgbà tí rògbòdìyàn bẹ́ ní Zanzibar ní 1964, òun àti àwọn òbí ẹ̀ sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ yíyàwòrán ló kà, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ ya àmì Queen, kìnnìún méjì fún Roger àti John, alákàn fún Brian, àwọn ìwin kékeré méjì fún òun alára, gẹ́gẹ́ bí àmì ìràwọ̀ oṣù tí wọ́n bí kálukú sí. Kí ẹ tó sọ pé ara ẹ̀ nìkan ló ń wò, ẹ wo àmì yẹn dáadáa.

Ohùn ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí n sọ tí ẹ ò tíì gbọ́? Orin tó kọ ńkọ́: Killer Queen, Somebody to Love, We Are the Champions, Don't Stop Me Now, àti Bohemian Rhapsody, èyí tó gùn tó ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú àáyá márùndínlọ́gọ́ta tí wọ́n ní rédíò ò ní gbé. Ó wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Jámánì nígbà tí Crazy Little Thing Called Love bọ́ sí i lẹ́nu. Lórí ìtàgé kò sí ìfiwéra, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Máíkù tó ń lò, igi ìdúró ẹ̀ ló kán sí méjì lọ́jọ́ kan tó ń kọrin lọ, ó rí i pé ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ di tiẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú àti díẹ̀ ni wọ́n fún wọn ní Live Aid, ó kàn ké "éèè-òòò", gbogbo pápá dá a lóhùn, èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin.

Ibi tó ti wọ́n nìyí o. Òun ni ààyò tó náni jù. Owó lẹ ń wò? Ní 2023 tí wọ́n ta ẹrù ilé ẹ̀ ní gbàǹjo ní London, dùùrù ẹ̀ nìkan lé ní mílíọ̀nù 1.7 páńùn. Àmọ́ ẹ gbé tìyẹn tì. Ó kéde pé òun ní àrùn AIDS ní 23 November 1991, ó kú lọ́jọ́ kejì, ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Ẹni tó bá yàn án, gbogbo orin tó bá gbọ́ láti àwo 1991 ló máa mọ̀ pé ẹni tó ń kọ ọ́ mọ ohun tó ń bọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbọ́ wọn. Ìdí tí mo fi kúrò lẹ́yìn ẹ̀ nìyẹn, mi ò ní agbára ẹ̀. Tiẹ̀ kò sì parí bẹ́ẹ̀ náà, àwo Made in Heaven jáde ní 1995 lẹ́yìn ikú ẹ̀, ní 2022 wọ́n tún rí orin ẹ̀ kan táyé ò gbọ́ rí, wọ́n gbé e jáde.

Ó tún ní ohun kan tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀: òkìkí ẹ̀ ń gbé iṣẹ́ ẹlòmíì mì. Ẹ máa rí àwọn tó ń yìn ín fún orin Roger, fún orin John, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá yàn án, ẹ má dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ta ni kó wá yan ta

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í lè gbọ́ orin láìbéèrè pé "báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ṣe èyí", ẹ má wulẹ̀ yẹra, Brian ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí ààyò ẹ̀ lójúkojú lórí ìtàgé, ẹni méjì ló kù láti yàn, Brian àti Roger, Adam Lambert ló ń kọrin fún wọn báyìí, tó bá sì jẹ́ pé ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín tó sì ní ẹnu ṣóńṣó lẹ fẹ́, tí ìbànújẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ gba ti Roger. Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè yín ní ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tẹ́ ẹ máa ń ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíì á gba oríyìn ẹ̀, ẹ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́dọ̀ John, a ò pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ariwo. Freddie ni fún ẹni tó lè gba ayọ̀ ńlá àti ọ̀fọ̀ ńlá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ náà lè fi Freddie bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ló jẹ́, kó ṣáà má dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ààyò méjì ńkọ́? Ẹ lè ní in, àmọ́ tí wọ́n bá bi yín, ẹ dárúkọ ẹnì kan, a ò fẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú níbí.

Tí kò bá tíì yé yín síbẹ̀, ẹ gbé Bohemian Rhapsody sí etí lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀ léra, kò tó ìdajì wákàtí. Lẹ́ẹ̀kìíní ẹ tẹ̀ lé ohùn àti dùùrù Freddie nìkan, lẹ́ẹ̀kejì gìtá Brian, lẹ́ẹ̀kẹta Roger, ilù ẹ̀ àti ohùn òkè yẹn, lẹ́ẹ̀kẹrin béèsì John. Kì í ṣe èyí tó dùn jù lẹ máa wò o. Ẹ kíyè sí ibi tí etí yín ń sá lọ nígbà tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Èmi, yípo kìíní tí mo yẹ kí n máa tẹ̀ lé Freddie, mi ò pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ rárá, ibi tó ti pe ìyá ẹ̀ tó fẹ́ jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ibẹ̀ ni béèsì ti wọlé wẹ́rẹ́, mo bá a lọ.